Ṣé Ó Yẹ Kí Oníjàkadì Orí Tẹlifíṣọ̀n Wọ Àgò Ìjà MMA?

    

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìjà ni mo gbé wá. Kì í ṣe ìjà tọkọtaya, kì í sì í ṣe ìjà ìpàdé ẹgbẹ́. Ìjà tí wọ́n ń sanwó fún ni.

Ọjọ́ Sátidé kan tí oòrùn ṣàánú wa, gbogbo ẹbí wa pàdé ní Lesnes Abbey. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Thamesmead, Abbey Wood, Plumstead àti Belvedere, ẹ mọ ibẹ̀ bí ẹní mọ ẹ̀yìnkùlé. Fún ẹ̀yin tí ẹ jìnnà, tí ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Abbey Wood, tí ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, ẹ ó rí àwókù ilé ìsìn àtijọ́ kan. Igbó wà lẹ́yìn rẹ̀, koríko tútù tẹ́ lọ síwájú rẹ̀, ẹ ó sì máa wo àwọn ilé gogoro Canary Wharf lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sí ẹni tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ò rí i pé ibi tó dára fún wa nìyẹn! A gbé jọlọ́ọ̀fù, a gbé mọ́ínmọ́ín, a tẹ́ ẹní, a jókòó.

Àwọn ọmọ àbúrò mi méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún mẹ́wàá, èkejì ọmọ ọdún méjìlá, ti wa ara wọn mú lórí koríko. Ká tó ṣẹ́jú, àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, “Omos máa gbé Adesanya jù sókè bí bọ́ọ̀lù ni.” Àbúrò ní, “Irọ́ ni! Adesanya máa gbá a nípàá lẹ́ẹ̀kan, ó parí.” Àwọn bàbá wọn náà bá dá sí i, ó di ariwo.

Ẹ̀yin tí ẹ ò kì í wo irú nǹkan báyìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọ wa ni àwọn méjèèjì. Tolulope Omogbehin ni orúkọ Omos, Èkó ni wọ́n ti bí i. Básíkẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ gbá ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà kó tó di oníjàkadì WWE. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, òun àti AJ Styles jọ gba ìgbànú àwọn tó ń jà ní méjì méjì. Israel Mobolaji Adesanya náà, Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1989, New Zealand ló dàgbà sí. Ìjà MMA ni tiẹ̀, ó sì gba ìgbànú UFC ní ọdún 2019 láàárín àwọn tí ìwọ̀n wọn kò ju kílò 84 lọ.

Èmi bá ní kí n parí ìjà. Mo ní, “Ẹ fara balẹ̀. Òfin UFC ni pé ẹni tó wúwo jù níbẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 265 póùn, ìyẹn bíi kílò 120. WWE fúnra wọn ní Omos ju 400 póùn lọ. Kó tó kan ìpá Adesanya, òṣùwọ̀n ló máa kọ́kọ́ lé e padà lẹ́nu ọ̀nà.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan ni kò rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ó kàn ń wo jọlọ́ọ̀fù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gba omijé

Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi yìí, ọmọ ọdún méjìlélógún, oníjàkadì ni. Ọjọ́ iṣẹ́, ilé ìkẹ́rùsí ló ń lọ. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, yóò wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun, yóò lọ jà ní gbọ̀ngán kéékèèké, irú ìjàkadì ti orí tẹlifíṣọ̀n náà. Àwọn ọmọdé ń pariwo orúkọ rẹ̀, wọ́n ń bá a ya fọ́tò. Owó tí wọ́n ń fún un kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó ọkọ̀ lọ.

Àṣé ọkùnrin kan tó ń ṣètò ìjà MMA ti wá bá a. Ó ní kó wá jà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i. Ó ní kó má ṣèyọnu nípa pé kò jà á rí, pé àwọn tó ń tẹ̀lé e máa ra tíkẹ́ẹ̀tì. Owó tó dárúkọ ju èyí tí ọmọ náà ń rí ní oṣù mẹ́ta nídìí ìjàkadì.

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, “Ìwọ tó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, dákun bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni.”

Ọmọ náà ti gbọ́. Ó ní, “Mummy, èmi ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Orúkọ yẹn ni wọ́n fẹ́ sanwó fún.”

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ọmọ yẹn kò mọ̀ pé òun ti tú gbogbo àṣírí ọ̀rọ̀ náà síta. Ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rà ni, àbí orúkọ rẹ̀?

Iṣẹ́ méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Nílé wa, gídígbò kì í ṣe nǹkan tuntun. Ìjàkadì wà nínú oríkì àwọn ará Ọ̀fà. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ti ṣubú, kò sí àwíjàre. Ìjàkadì tí wọ́n ń jà ní Olympics jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Òun ni Odunayo Adekuoroye fi gba wúrà Commonwealth fún Nàìjíríà ní 2014, 2018 àti 2022. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni ìyẹn.

Èyí tí a ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n yàtọ̀. Òun ni àwọn òyìnbó ibí yìí ń wò lórí ITV lọ́sàn-án Sátidé títí di 1988, òun náà ni WWE ń ṣe. Wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí kí wọ́n tó wọlé. Ẹ má torí ẹ̀ pè é ní iṣẹ́ ọ̀lẹ o. Ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣubú lé yẹn, ilẹ̀ gidi ni. Orúnkún tó ń yẹ̀, ọrùn tó ń rọ́, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó ń jà yẹn, ara wọn ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé sókè ló ń fò díẹ̀ kí gbígbé rẹ̀ lè rọrùn. Ẹni tó ń ju ẹ̀ṣẹ́ ló ń fà á sẹ́yìn kó má baà fọ́ ẹnu ẹnì kejì. Tí ó bá dun ẹnì kan díẹ̀, yóò ṣe bí ẹni pé ó ti kú tán, kí àwọn èrò lè pariwo.

Ẹ wá gbé ọgbọ́n yẹn wọ inú àgò onírin MMA. Níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ wà, ìpá wà, ìgúnpá àti orúnkún wà. Wọ́n lè gbé ẹ ṣánlẹ̀, wọ́n lè fún ẹ lọ́rùn, wọ́n lè lọ́ apá tàbí ẹsẹ̀ ẹ títí wàá fi túúbá. Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó bá jẹ́ ti ìgbànú, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹni tó ti kọ́ ara rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta pé kó máa fi ẹ̀yìn balẹ̀ kí ìran lè dùn, tó bá fi ẹ̀yìn balẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á gùn ún mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti fà sẹ́yìn, ọwọ́ náà á fà sẹ́yìn lọ́jọ́ tí kò yẹ kó fà. Ẹni tó sì mọ̀ ọ́n ṣe láti fi ìrora hàn, ńṣe ló ń sọ fún ọ̀tá ibi tó yẹ kó tún lù. Ọgbọ́n tó ń gba ẹ̀mí là lápá kan ló ń fi ẹ̀mí wéwu lápá kejì.

Àwọn tó ti wọ̀ ọ́ ṣáájú

Ó yà mí lẹ́nu pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn àpẹẹrẹ tiẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, “Àǹkù, ẹ wo Brock Lesnar.” Òótọ́ ló sọ. Lesnar, tí Omos bá jà ní WrestleMania ọdún 2023, tó sì gbé Omos ṣánlẹ̀, lọ sí UFC. Ní oṣù kejì ọdún 2008, Frank Mir lọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi túúbá láàárín ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ó na Randy Couture, ó sì gba ìgbànú àwọn abara-títóbi. Ní ọdún 2009, ó tún padà na Mir.

Mo bi í pé, “Kí ni Lesnar ń ṣe kó tó dé WWE?” Ó dákẹ́. Ní ọdún 2000, Lesnar ló gba ipò kìíní láàárín àwọn abara-títóbi nínú ìjàkadì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ìjàkadì òtítọ́ nìyẹn, irú èyí tí ẹ̀yìn ń kanlẹ̀. WWE kàn fún un ní orúkọ ni. Bobby Lashley náà, tí Omos bá jà ní WrestleMania 2022, oníjàkadì yunifásítì ni. Òun náà lọ jà MMA láti ọdún 2008. Kò lọ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú gbogbo ayé wà, àwọn ilé ìjà tí kò tóbi ló ti ń jà, ó sì borí lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú mẹ́tàdínlógún.

Ẹ wá wo apá kejì. CM Punk, ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ jù ní WWE, bá UFC ṣe àdéhùn ní oṣù kejìlá ọdún 2014. Kò jà MMA rí, kò sì jẹ́ oníjàkadì yunifásítì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tó fi kọ́ṣẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọmọdé kan tó ń jẹ́ Mickey Gall gbé e lulẹ̀, ó fún un lọ́rùn, kò pé ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Wọ́n tún fún un láyè ní 2018, ní ìlú rẹ̀ Chicago. Mike Jackson nà án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Mo gbóríyìn fún ọkàn rẹ̀ o, nítorí kò sá. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ mélòó ló ti ń jà láti ìsàlẹ̀ tí wọn ò rí irú àyè bẹ́ẹ̀? Orúkọ ló gbé Punk débẹ̀, orúkọ ò sì lè bá a dí ọ̀fun nígbà tí apá Gall dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wà nílé Áfíríkà wa náà. Ní Senegal, ìjàkadì tí wọ́n ń pè ní laamb, tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ kún, iṣẹ́ olówó ńlá ni. Pápá ìṣeré máa ń kún fún un. Bombardier jẹ́ ọba nídìí ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, nígbà tó ti lé ní ogójì ọdún, ó lọ bá Mariusz Pudzianowski jà MMA ní Poland. Ìṣẹ́jú-àáyá 18 péré ni, ó ti dá kú. Ṣùgbọ́n ọmọ Senegal míì, Oumar Kane tí wọ́n ń pè ní Reug Reug, láti inú laamb yẹn náà ni òun ti wá. Ó kọ́ ìjà tuntun náà, wọ́n nà án, ó tún padà lọ kọ́ ọ sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó gba ìgbànú abara-títóbi ti ONE lọ́wọ́ Anatoly Malykhin, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà rí. Ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ló yàtọ̀.

Kò sì mọ sí oníjàkadì nìkan. Francis Ngannou, ọmọ Cameroon tó jẹ́ ọ̀gá nínú MMA, gbé ẹ̀ṣẹ́ lọ bá àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò. Ó bi Tyson Fury ṣubú lẹ́ẹ̀kan ní 2023, gbogbo ayé pariwo. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Anthony Joshua, ọmọ Ṣágámù tiwa, fi ẹ̀ṣẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìpele kejì. Ọ̀gá níbì kan, ọmọ iṣẹ́ níbòmíì. Bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Ìwọ nọ́ọ̀sì, rántí

Nígbà tí mo dé ibi tí mo dé yìí, ẹ̀gbọ́n mi ló gbà á lẹ́nu mi. Ó ní, “Nígbà tí mo dé ìlú yìí, mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́jọ nílé. Èmi ni wọ́n ń pè ní Sístà ní wọ́ọ̀dù. Ṣé wọ́n kó wọ́ọ̀dù fún mi lọ́jọ́ tí mo dé? Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń nu ìdí. Mo jókòó sí ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo lè bí. Mo sunkún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gba ìwé-ẹ̀rí tibí, mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ò ní pa ẹnikẹ́ni.”

Ẹ̀yin ará, ta ni nínú wa tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí? Dókítà tó ń paṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, tó bá dé ibí, ìdánwò PLAB ló ń dúró dè é. Lọ́yà wa ń padà di akẹ́kọ̀ọ́. Ó ń dùn wá, a máa ń ní wọ́n ń fojú tẹ́ wa. Òmíì tiẹ̀ jẹ́ ìfojú-tẹ́ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àwa la sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, a ò ní fẹ́ kí ẹni tó gbajúmọ̀ nílé wá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ara wa kọ́ iṣẹ́.

Èrò tèmi nìyẹn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ó yẹ kí oníjàkadì tẹlifíṣọ̀n jà MMA? Ó yẹ, kò sí òfin tó dè é, ó sì lè ní ara àti ọkàn tó ju ti ẹlòmíì lọ. Ṣùgbọ́n kó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kó wọlé bí ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó bá gbà á nítorí orúkọ rẹ̀ nìkan, tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tà, kì í ṣe iṣẹ́ ló fẹ́ kọ́ ọ. Adesanya fúnra rẹ̀ fẹ́ràn eré WWE. Ní oṣù keje ọdún 2022, ó dé fìlà, ó gbé ìkòkò eérú dání, ó sì wọlé bí Undertaker sí orin rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn àgò tì, ó bọ́ fìlà, ó jà bí ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́. Eré náà wà lẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ wà nínú ilé.

Kí a tó kúrò ní Lesnes Abbey, mo mú ọmọ náà rìn yí àwókù náà ká. Mo sọ fún un pé ẹni tó kọ́ ọ, Richard de Luci, adájọ́ àgbà ilẹ̀ England ni, igbá-kejì ọba ni ká pè é. Ọdún 1178 ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní torí ẹ̀bi ikú Thomas Becket, tí wọ́n pa ní 1170, ló ṣe kọ́ ọ. Ìgbà tó yá, ó fi ipò ńlá yẹn sílẹ̀, ó wá gbé láàárín àwọn oníṣẹ́ ìsìn ibẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1179. Mo ní, “Ṣé o rí i? Adájọ́ àgbà ló wọ ẹnu ọ̀nà yìí, tó wá dà bí ọ̀kan nínú wọn. Ìwọ wo ni tìẹ?” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ohun tí ẹ máa béèrè

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ yín bá mú irú ọ̀rọ̀ yìí wálé, ẹ má kàn fi ariwo lé e jáde. Tí ẹ bá lé e, yóò lọ fọwọ́ síwèé níkọ̀kọ̀ ni. Ẹ béèrè: Ta ni ẹ fẹ́ bá a jà, ìgbà mélòó ni ẹni yẹn ti jà? Ṣé ìjà àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni àbí ti olówó? Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, lábẹ́ òfin àjọ àgbáyé wọn, wọ́n máa ń de ojúgun, ìbọ̀wọ́ wọn nípọn, wọn ò sì gba ìgúnpá láyè. Dókítà dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò? Ta ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ojú wọn wò? Ta ló máa sanwó tí orúnkún bá yẹ̀, tí kò sì lè lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta? Ẹ sì bi olùkọ́ ọmọ náà ní ojú rẹ̀ pé: tó bá jẹ́ ọmọ tìẹ ni, ṣé wàá jẹ́ kó wọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa kó tó dáhùn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè. Ọkùnrin náà ní ẹni tí yóò bá a jà ti jà lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Nígbà tí ọmọ náà ní kó fún òun ní ọdún kan ààbọ̀ kí òun fi kọ́ṣẹ́, ó ní ẹlòmíì wà tó máa gbà á. Ó pa fóònù dé. Ìyẹn náà, ìdáhùn ni.

Ní báyìí, ọmọ náà ń lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ni, alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ orí ìtàgé rẹ̀ níbẹ̀. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, “Àǹkù, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan tí kò ga ju èjìká mi lọ fún mi lọ́rùn lẹ́ẹ̀mẹrin!” Mo ní, “Kí lo wá ṣe?” Ó ní, “Mo túúbá. Mo ní kó kọ́ mi bó ṣe ṣe é.”

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń sọ pé òun ò fẹ́ ìjàkúùjà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ó ti ń di oúnjẹ sínú kúlà fún un ní alẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó dìgbà kan ná o. Ire o.